Mo Sọ Pé Òkè, Mi Ò Sọ Pé Àdúrà

3

…nítorí náà, ohun tí mo sọ gan-an ni: "Mo ń lọ sí òkè."

Ọ̀rọ̀ márùn-ún. Ẹ kà wọ́n. Kò sí irọ́ kankan nínú wọn.

(Ìpín 1 àti 2 jẹ́ àlàyé. Mo ti ya wọ́n dànù. Kò sẹ́ni tó ń ka àlàyé kó tó tẹ bọ́tìnnì.)

4

Akínrẹ̀mí ni mí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Whalebone, lẹ́bàá Barking ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, là ń gbé. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀ ni mò ń tún ṣe: ti ṣọ́ọ̀bù, ti báńkì, ti ọsibítù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tú ọ̀kan, mo tò ó padà, ó ṣí. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ilẹ̀kùn bá bàjẹ́, màá tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, màá to gbogbo ohun tí mo bá tú sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀léra. Tí mo bá wò wọ́n pẹ́ tó, màá rí ibi tó ti yíwọ́.

Ohun tí mò ń ṣe níbí nìyẹn.

5

Ohun tí mo fẹ́ (bí wọ́n ṣe wọ orí mi ni mo ṣe tò wọ́n, ẹ má fi èyí mú mi):

— kí n jẹ́ kíípà tíìmù ìjọ wa, Orísun Àánú, títí sáà yìí fi máa parí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nínú gólì yẹn. Orúnkún mi ti sọ fún mi pé sáà ìkẹyìn rèé.

— kí ìyàwó mi má lé mi jáde.

6

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ARÁ ILÉ YÌÍ

*(Olúbùsọ́lá, ìyàwó mi, ló kọ ọ́. Ara fíríìjì ló lẹ̀ ẹ́ mọ́.)*

A ó lọ sí òkè ní Wales, ọjọ́ Ẹtì 14 sí ọjọ́ Àìkú 16, oṣù kọkànlá. Mo ti gba ilé.

Ìtàn bí a kò ṣe tíì lọ rí:
Ọdún kìíní: sẹ́mí-fáínà.
Ọdún kejì: ìka bàbá yín yẹ̀ nínú gólì.
Ọdún kẹta: òjò da ìdíje rú, wọ́n sún un sí ọjọ́ ìrìn-àjò.
Ọdún kẹrin: kò sí ìdíje. Bàbá yín lọ wo ìdíje àwọn ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ rí òkè kí ewé tó tán lórí igi. Ẹni tí kò bá lọ, kó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ilé yìí ṣeé pààrọ̀.

7

LÍÌGÌ ÀWỌN ÌJỌ
ÌDÍJE IFE-Ẹ̀YẸ, KỌ́TÀ-FÁÍNÀ

Orísun Àánú — Ilé Ògo Tuntun

Ọjọ́ Àbámẹ́ta 15 oṣù kọkànlá, aago mọ́kànlá àárọ̀. Pápá Becontree Heath. Ẹ mú omi tiyín wá.

8

Ilé Ògo Tuntun: àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì tó kó wá sí Barking láti Peckham. Orúkọ wà lẹ́yìn aṣọ wọn. Wọ́n ní dókítà orúnkún.

Àwa, òróró ni Ìyá Àdúrà fi ń pa wá lẹ́sẹ̀.

9

*(Fóònù. Ọjọ́ Ajé. Olúṣínà ni kápútẹ́ẹ̀nì wa. Bọ́ọ̀sì ló ń wà, ohùn rẹ̀ sì máa ń dà bí ti ẹni tó ń sọ fún èèyàn pé kó wọlé sẹ́yìn.)*

OLÚṢÍNÀ: Ẹ̀gbọ́n, ti kọ́tà yìí. Aago mẹ́wàá ẹ ti wà ní pápá o.

ÈMI: Ṣínà, mi ò ní sí ńlé.

OLÚṢÍNÀ: Ẹ ń ṣeré.

ÈMI: Mo ń lọ sí òkè.

OLÚṢÍNÀ: …

ÈMI: Ṣé ò ń gbọ́ mi?

OLÚṢÍNÀ: Òkè. Ọjọ́ mélòó?

ÈMI: Mẹ́ta.

OLÚṢÍNÀ: Mẹ́ta gbáko. Nítorí kọ́tà yìí?

ÈMI: Ìyẹn ni pé… àsìkò yẹn ló bọ́ sí.

OLÚṢÍNÀ: Èmi tiẹ̀ ti rò pé ẹ fẹ́ sá fún àwọn Peckham ni. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ máa mu omi, àbí gbígbẹ ni?

ÈMI: Kí ló gbẹ?

OLÚṢÍNÀ: Ààwẹ̀ náà.

10

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kó tó padé. Ẹni tó bá fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ní àyè.

Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

Mo jẹ́ kó padé.

11

Fún ẹni tí kì í ṣe Aládùúrà: lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í lọ sí òkè lọ wo òkè. Ìdí kan ṣoṣo ló ń gbé wa lọ: àdúrà, pẹ̀lú ààwẹ̀, agogo, àti omi nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó bá lọ sí òkè tó jẹ ẹran níbẹ̀, a ò ní orúkọ fún ohun tó ṣe.

Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ti fẹ́ rí òkè láti ọjọ́ tó ti rí àwòrán ọ̀kan nínú kàlẹ́ńdà lọ́dọ̀ dókítà eyín.

12

*(Mo kọ èyí láti inú fídíò ìsìn, ọjọ́ Àìkú 9 oṣù kọkànlá. Ìyá Àdúrà Beatrice ló ń sọ̀rọ̀: ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó mọ òfin ọ́fúsáìdì ju rẹfirí lọ. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.)*

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Kíípà wa ń lọ sórí òkè nítorí tíìmù yìí. Ọjọ́ mẹ́ta. Pẹ̀lú orúnkún yẹn.

ÌJỌ: Àmín.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ẹ ò tíì gbọ́ tán tí ẹ ń ṣàmín. Jésùfẹ́mi ni yóò ṣọ́ gólì. Akínrẹ̀mí ni yóò ṣọ́ Jésùfẹ́mi. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ẹ̀bẹ̀, kó kọ ọ́ sórí bébà, kó ká a, kó fún un. Kó má kọjá ojú ìwé kan. Ìyá Aaron, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

13

*(Fóònù mi, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà. Ayọ̀mípọ̀sí ni ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìlà kejì lẹ́yìn mi ló jókòó sí.)*

AYỌ̀: Daddy
AYỌ̀: ṣé wọ́n mọ̀ pé hot tub wà níbẹ̀
ÈMI: Pa fóònù yẹn.
AYỌ̀: iwájú ni mo máa jókòó nínú mọ́tò. lílọ àti bíbọ̀
ÈMI: Ó dáa.
AYỌ̀: orin náà, èmi ni màá máa yàn án
ÈMI: Ó dáa.
AYỌ̀: Àmín

14

Ẹ̀bẹ̀ tó dé ọwọ́ mi: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Díẹ̀ lára wọn.

*Kí Home Office rántí mi sí rere.* (Àwọn ló ń fún àlejò ní ìwé ìgbélùú.)

*Kí Aaron mú ìyàwó wálé.* (Ojú ìwé mẹ́ta. Fọ́tò kan.)

*Kí Home Office gbàgbé mi pátápátá.*

*Kí ìbàdí mi jẹ́ kí n dúró wo ìdíje tán lórí ẹsẹ̀. Beatrice.*

*Kí bọ́ọ̀lù má wá sí ọwọ́ òsì mi. Jésùfẹ́mi.*

15

Jésùfẹ́mi. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Táyà ló ń pààrọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Barking. Sáà mẹ́ta ló ti fi jókòó lórí bẹ́ńṣì wa pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ní Ọjọ́bọ̀, mo mú ìbọ̀wọ́ mi lọ fún un níbi iṣẹ́.

ÈMI: Má sá sẹ́yìn. Bí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, gbé ẹsẹ̀ méjì síwájú. Gólì á kéré lójú rẹ̀.

JÉSÙFẸ́MI: Báwo ló ṣe máa kéré, sà? Irin ni.

ÈMI: Wo táyà lọ́rì yẹn. Gbé ọwọ́ rẹ sí iwájú ojú rẹ. Sún un mọ́ ojú sí i. Ṣé o ṣì ń rí táyà?

JÉSÙFẸ́MI: Mi ò rí i mọ́.

ÈMI: Ṣé ọwọ́ rẹ tóbi ju táyà lọ ni?

JÉSÙFẸ́MI: Ó sún mọ́ ojú mi ni.

ÈMI: Ìwọ ni ọwọ́ yẹn.

*(Ó tún gbé ọwọ́ sójú. Mo fẹ́ràn kí n máa wo ojú èèyàn bí nǹkan bá ń yé e.)*

JÉSÙFẸ́MI: Tó bá wá gbá a sí òsì ńkọ́?

*(Mo na ìbọ̀wọ́ náà sí i.)*

JÉSÙFẸ́MI: Kò burú, sà. Ẹ ṣáà máa wà lórí òkè.

15, àtúnṣe

Kì í ṣe ìbọ̀wọ́ mi gangan ni mo fún un. Ti sáà tó kọjá ni. Èyí tó dáa wà lábẹ́ ìjókòó mọ́tò. Ó bá wa lọ sí Wales.

16

Ohun tó wà nínú búùtù:

jákẹ́ẹ̀tì òjò, mẹ́ta
ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú kúlà
sọ́sééjì, páálí méjì
aṣọ ìwẹ̀, mẹ́ta
ẹ̀bẹ̀, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, nínú ọ̀rá
òróró, ìgò kan (láti ọwọ́ Ìyá Àdúrà)
agogo, ẹyọ kan (bákan náà)

OLÚBÙSỌ́LÁ: Bàbá Ayọ̀, agogo kí nìyí?

ÈMI: Nítorí àgùntàn ni.

OLÚBÙSỌ́LÁ: Àgùntàn.

AYỌ̀MÍPỌ̀SÍ *(láti iwájú mọ́tò)*: Nítorí àgùntàn, Mum.

17

Òkè náà tóbi. Ewé ti pọ́n bí ata gbígbẹ, ìdajì wọn ti wà nílẹ̀. Òtútù ń wọ inú eyín.

Olúbùsọ́lá dúró, ó fọwọ́ ti ìbàdí. Ó wò ó fún ìgbà tó tó kí ẹyin jinná. Lẹ́yìn náà ó ní: "Wọn ò ya gbogbo ẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà." Ó di apá mi mú. Kò dì í mú bẹ́ẹ̀ láti ọdún kẹta inú ìkéde yẹn.

Èmi rí géètì kan. Ó ń gba èèyàn kọjá, kò gba àgùntàn. Kò lo iná, kò lo kọ́kọ́rọ́. Apá igi kan ṣoṣo ló ń mì nínú ọgbà kékeré kan tó rí roboto. Èèyàn á wọ inú rẹ̀, á fa igi náà kọjá níwájú ara rẹ̀, á jáde lódìkejì. Ara àgùntàn gùn jù, kò lè yí nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe é ti jókòó wo àgùntàn dáadáa.

Mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Àgùntàn kan dúró ń wò mí. Mo rò pé ó ti ń yé e.

18

*(Ẹgbẹ́ WhatsApp, Orísun Àánú F.C. Sátidé. Mo dúró lórí òkúta kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Sọ́sééjì wà lọ́wọ́ mi.)*

10:52 OLÚṢÍNÀ: Bàbá wa ti wà lórí òkè. Ẹ fọkàn balẹ̀.

10:53 ÌYÁ ÀDÚRÀ: Akínrẹ̀mí, má jẹun o. Ó di aago kan.

10:53 ÈMI: 🙏🏾

11:04 ÌYÁ ÀDÚRÀ: Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Rẹfirí ọjọ́sí yẹn náà ni.

11:31 ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ọ́fúsáìdì nìyẹn. Kí ẹnì kan yá ọmọ yìí ní awò ojú.

11:50 ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ìdajì ti parí. Òdo sí òdo. Jésùfẹ́mi ń jáde síwájú dáadáa. Ta ló kọ́ ọ?

12:20 ÌYÁ ÀDÚRÀ: Gólì. Tiwa ni. Ó kan Olúṣínà lórí ni, mi ò rò pé ó mọ̀.

12:46 ÌYÁ ÀDÚRÀ: Pẹ́nárítì. Tiwọn ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Akínrẹ̀mí, lu agogo.

19

Àdúrà tí mo gbà ní 12:46.

*Ẹ̀dà kìíní:* Olúwa, dúró ti ọmọ yẹn.

*Ẹ̀dà kejì:* Mi ò gba àdúrà kankan. Oúnjẹ wà lẹ́nu mi.

*Ẹ̀dà kẹta:*

Jẹ́ kó wọlé.

20

Mo fẹ́ kí wọ́n wá mi. Òun nìyẹn. Kí ẹnì kan sọ lórí pápá yẹn pé, "Ká ní Bàbá wà níbí ni."

21

*(Ohùn tí Jésùfẹ́mi fi ránṣẹ́ sí mi, 12:58. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.)*

Sà. Sà, òsì ló gbá a sí. Ọ̀tún ló ń wò, mo rí i bó ṣe ń wo ọ̀tún. Mo wá ní ẹni tó wà lórí òkè ló mọ ibi tó ń lọ. Mo kàn ju ara mi sí òsì. Ó bà mí níbí, sà, ní ìgbọ̀nwọ́. *[Ariwo.]* Wọ́n gbé mi sókè, sà. Wọn ò gbé mi rí. Mi ò mọ ibi téèyàn ń fọwọ́ sí tí wọ́n bá gbé e. Ẹ ṣeun, sà.

22

OLÚBÙSỌ́LÁ *(ó ti dé ẹ̀yìn mi)*: Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ yẹn? Kí lo ṣe fún un?

Mo sọ gbogbo rẹ̀ àyàfi ìpín 19. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko tútù. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀.

OLÚBÙSỌ́LÁ: Orúkọ àwọn èèyàn ló wà nínú ọ̀rá yẹn?

ÈMI: Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

OLÚBÙSỌ́LÁ: O sì kó wọn ti sọ́sééjì.

Nírọ̀lẹ́, ó wọ inú hot tub náà, omi gbígbóná tó wà ní gbangba lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú fìlà òtútù lórí àti ọsàn lọ́wọ́. Ó ní kí Ayọ̀ máa ka ẹ̀bẹ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe àmín sí gbogbo wọn láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ní ti Home Office méjèèjì, ó ní Ọlọ́run mọ ẹni tó kọ èwo. Ní ti Aaron, ó ní kó kọ́kọ́ fi fọ́tò náà han òun.

23

ÌPINNU ÌGBÌMỌ̀ BỌ́Ọ̀LÙ, Ọjọ́rú 19 oṣù kọkànlá

1. Arákùnrin Jésùfẹ́mi ni yóò wà nínú gólì ní sẹ́mí-fáínà, ọjọ́ Àbámẹ́ta 13 oṣù kejìlá.
2. Bàbá Akínrẹ̀mí yóò wà lórí òkè.
3. Bí a bá dé fáínà, ẹ wo 1 àti 2.
4. Bàbá Akínrẹ̀mí ni yóò ṣì máa kọ orúkọ tíìmù ránṣẹ́ sí líìgì, nítorí ìkọ̀wé rẹ̀ ṣeé kà.
5. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá fún ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn rẹ̀.

24

OLÚBÙSỌ́LÁ: Mo tún ti gba ilé yẹn, 12 sí 14 oṣù kejìlá. Wọ́n ní yìnyín lè bọ́. Ìjọ fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Ọdún márùn-ún ni mo fi bẹ̀ ọ́ kí n tó mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ló yẹ kí n lọ bá.

25

Ohun tí mo kọ sí ẹgbẹ́ WhatsApp tí mi ò fi ránṣẹ́:

~~Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú. Òkè tí mo lọ yẹn~~

~~Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "òkè" ní ìtumọ̀ tó ju ẹyọ kan~~

~~Orúnkún mi ti dáa~~

26

*(East Street, Barking, ọ̀sán. Ẹsẹ̀ kan kò yí mọ́ lára kẹ̀kẹ́ tí Ìyá Àdúrà fi ń ra ọjà. Mo ti dojú rẹ̀ bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà: òwú ló wé mọ́ irin àárín rẹ̀. Ìyá gbé iṣu rẹ̀ mọ́yà, ó ń wò mí.)*

ÈMI: Ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Máa tú òwú.

ÈMI: Òkè tí mo lọ yẹn, kì í ṣe ti àdúrà.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ọmọ rẹ fi fọ́tò rẹ sórí Instagram ní aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Sọ́sééjì wà lọ́wọ́ rẹ. Mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ kó lè dá mi lójú.

ÈMI: Ẹ mọ̀?

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Kí lo rò pé ó mú mi kọ ọ́ pé kó o má jẹun?

ÈMI: Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ọmọ yẹn jókòó sórí bẹ́ńṣì fún sáà mẹ́ta. O rò pé kí n sáré bá a nínú gólì, kí n sọ fún un pé sọ́sééjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

ÈMI: Èmi ni kíípà, Ìyá. Sáà ìkẹyìn mi rèé.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Mo mọ̀. *(Ó gbé iṣu sí apá kejì.)* Tó o bá sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á bínú títí di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn náà wọ́n á dá ọ padà sínú gólì. Ẹni tí wọ́n máa mú kúrò níbẹ̀ ni mi ò mọ̀ bó ṣe máa rí. Ìwọ lò ń kọ orúkọ. Mi ò ní bá ọ kọ ọ́.

*(Mo fa òwú tó kù jáde.)*

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ṣé o tiẹ̀ gbàdúrà kankan níbẹ̀ rárá?

ÈMI: Ẹyọ kan.

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ó gbà?

ÈMI: Rárá. Ọlọ́run kọ̀ ọ́.

*(Ó wò mí pẹ́. Mo rò pé ó ti ka ìpín 19 lójú mi.)*

ÌYÁ ÀDÚRÀ: Ó dáa tó jẹ́ pé òun ni rẹfirí.

27

FỌ́Ọ̀MÙ TÍÌMÙ, SẸ́MÍ-FÁÍNÀ
*Kó dé ọ̀dọ̀ líìgì kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó lù.*

1 (kíípà): ………………
2 sí 11: *mo ti kọ wọ́n*
12 (ìpààrọ̀ kíípà): ………………
13 sí 16: *mo ti kọ wọ́n*

Lábẹ́ ìyẹn, Olúṣínà ti fi bírò fa ìlà kan tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù ìjọ mìíràn:

Orí òkè: ………………

28

Orúkọ méjì. Àyè mẹ́ta. Mo ti tò wọ́n ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé tò. Gbogbo ọ̀nà ló ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ò tíì ṣẹlẹ̀ sí mi rí nídìí ilẹ̀kùn.

29

*(Fóònù mi. Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú.)*

JÉSÙFẸ́MI: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ wo sẹ́mí náà lórí fóònù àbúrò mi

JÉSÙFẸ́MI: Wọn ò tíì rí mi nínú gólì rí. Wọ́n rò pé mò ń ṣeré ni tí mo bá ní mo wà nínú tíìmù

JÉSÙFẸ́MI: Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ máa wà lórí òkè. Wọ́n ní tẹ́ ò bá ní sí níbẹ̀, àwọn ò ní wò ó, àyà àwọn ò gbà á

JÉSÙFẸ́MI: Kí ni kí n sọ fún wọn, sà?

*Akínrẹ̀mí ń kọ̀wé…*